Ẹni Tó Ń Jèrè Iṣẹ́ Wẹ́dà Ni Kó San Owó Ojú Rẹ̀

Tí iná bá bu wẹ́dà lójú, tàbí tí táńkì bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́, a kúkú mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n á sáré gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dáwó, fọ́tò rẹ̀ á sì máa káàkiri orí WhatsApp pé kí aráyé ṣàánú. Ọ̀gá rẹ̀ á yọ ìwọ̀nba owó lápò, á ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Ó parí nìyẹn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gbèsè ni owó gbà-má-bínú wẹ́dà tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà ló sì jẹ ẹ́.

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà èyíkéyìí lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn tàbí ní Mushin, kí ẹ wo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá di irin géètì mú. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ló ni gíláàsì dúdú. Tiẹ̀ ni pé kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fọwọ́ bojú. Kò ní mọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó di òru kí ojú náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i, omi á máa dà lójú rẹ̀, kò ní lè wo iná. Wọ́n á ní kó kán mílíìkì sí i. Tó bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ó tún dẹnu iṣẹ́. Èéfín tó ń fà símú ńkọ́? Ní 2017, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, gbé èéfín wẹ́dìn sí ìpele kìíní, láàárín àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn.

Ti táńkà epo tún burú jùyẹn lọ. Wọ́n á gbé táńkà tó ń jò wá, wọ́n á ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lóòótọ́, bẹntiróòlù ti tán níbẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ epo ṣì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa kí afẹ́fẹ́ náà fi jáde tán, iná wẹ́dìn kàn máa ta pàrà kan ni, gbogbo rẹ̀ á bú gbàmù. Ẹni tó ni táńkà mọ̀, ọ̀gá náà mọ̀. Owó àti àkókò tí fífọ̀ yẹn máa gbà ló ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dí i.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n á di ẹ̀bi ru Ògún. Wọ́n á ní kò bọ ọ́, tàbí pé ayé ló ṣe é. Kálukú lè bọ ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, òun kọ́ ló sì kọ̀ láti ra ìbọ̀wọ́ àti ìbojú.

Òfin ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi rọ́pò ti 1987. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ náà. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa débi pé kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ láyé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà ló máa wọlé fún un. Bí ó bá kú, tó fi aya àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 náà ni tiwọn. Òfin yìí kò yọ ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́ sílẹ̀, kò yọ alágbàṣe, kò sì yọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá á ní, “Níbo la ti fẹ́ rí i?” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 700 náírà lóṣù lórí ẹnì kan. Owó yìí kò tó ra páálí ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù kan. Wọ́n á tún ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í gba owó oṣù, kí ni ká fi ṣírò tiẹ̀? Ẹ fi 70,000 yẹn ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin, tó ń lọ irin, tó ń kun géètì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń mówó wọlé fún ẹnì kan.

Àwọn mìíràn á ní aláìgbọràn ni, wọ́n ní kó bojú, kò bojú. Òfin ti dáhùn ìyẹn: kò di dandan kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi kó tó gba owó rẹ̀. Ta ló tiẹ̀ yẹ kó ra ìbojú ọ̀hún? Agbanisíṣẹ́ ni.

Àwọn tí mo bínú sí jù ni àwọn kọngílá ńláńlá. Kí wọ́n tó lè du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí NSITF wá. Wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á gbàwé. Tó bá wá ku irin òrùlé gígùn tí wọ́n fẹ́ jó mọ́ra lókè pátápátá, fóòmáànù á lọ mú wẹ́dà wá láti ẹ̀bá títì, orúkọ ẹni yẹn ò sì ní sí nínú ìwé kankan. Ọjọ́ tó bá já bọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó gba kọngílá ni kó jíhìn fún gbogbo ọwọ́ tó kan iṣẹ́ náà, kí ìjọba sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá sẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Àjọ NSITF pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022, wọ́n sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ó ṣeé ṣe kí ikán ti jẹ ìwé tó yẹ kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà. Ikán! Àwọn ọ̀gá kan ti wá rí ohun tí wọ́n máa fi ṣe àwáwí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí olè bá wà nídìí àpò, olè náà la máa mú. Kò sọ pé kí wẹ́dà má gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà. Kí wọ́n sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá fara pa gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, pé agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ létí, àti pé kí ọdún kan má kọjá kí wọ́n tó béèrè owó náà. Ẹgbẹ́ tó mọ bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò san owó ẹgbẹ́ mọ bó ṣe máa ti ti ẹni tí kò forúkọ ọmọṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tí 700 náírà lóṣù bá wọ̀ lọ́rùn kò yẹ lẹ́ni tí à ń fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.