Ṣé Ìsinmi Ni Mo Sanwó Fún?

Bàbá mi ló bi ìyá mi ní ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé àròkọ yìí. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 2024 ni. Aago méjìlá ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, a sì wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan lọ́nà Èkó. Ìyá mi ní kí á lọ jókòó sábẹ́ ibòji fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi wo tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Ṣé ìsinmi ni mo sanwó fún? Àbí kò sí ibi tí a ti lè sinmi ní Igbókòdá ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kí wákàtí méjì tó pé, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́ láàárín wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹbí tó bá kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ fi eré sílẹ̀ láti nǹkan bí aago méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí wọ́n lọ síbi tí oòrùn kò sí, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi, kí àwọn ọmọdé sùn bí oorun bá ń kùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n padà sẹ́nu eré. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn fi owó ṣòfò kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tó bá ka ìwé yìí ni yóò gbè sẹ́yìn bàbá mi, n kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò nítumọ̀. Kò sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ní ìlú wa. Àwọn tí a máa ń gbọ́ orúkọ wọn jìnnà sí wa: Hi-Impact Planet wà ní Ìbàfò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Trans Amusement Park wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàfò láti Igbókòdá yóò gba Òkìtìpupa dé Orè, yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, kó tó bọ́ sí márosẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Apẹja ni bàbá mi. Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ju owó sínú kóló kí á tó lè ṣe ìrìn àjò ọjọ́ kan yẹn. Ẹni tó fi òógùn ojú kó owó jọ báyìí, bí ẹ bá ní kó jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí mẹ́ta, yóò dà bíi pé ẹ ní kó da owó náà sínú odò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. Àwọn tí owó wọn kéré jù ni kì í fẹ́ sinmi, àwọn náà ni àbámọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn jù.

Aago mẹ́rin ìdájí ni a kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fi máa wọ inú ọgbà, aago mẹ́wàá ti lù. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀, nítorí ọwọ́ wa ni àṣìṣe ti wá. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ kóòtù àti táì, aṣọ Àjíǹde tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lọ́rùn òun. Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, inú wa dùn gan-an. A gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn yípo lókè, a wa àwọn mọ́tò kékeré tó ń kọlu ara wọn. Ìgbà náà ni ìyá mi sọ̀rọ̀ ibòji, tí bàbá mi fún wọn lésì. A bá lọ tò sórí ìlà mìíràn. Ìlà náà gùn, kò sí òrùlé lórí rẹ̀, kọnkéré sì ni ilẹ̀ ibẹ̀.

Àbúrò mi kọ́kọ́ dákẹ́, ọmọ tí kì í dákẹ́ nílé. Lẹ́yìn náà ó ní orí ń fọ́ òun. Bàbá mi ní kó fara dà á, pé ó ku díẹ̀ kó kàn wá. Nígbà tó ku ìdílé méjì níwájú wa, ó bì sára kóòtù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná bí ìdí ìkòkò. Obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí òun náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, ló sáré bọ́ kóòtù náà. Ó ní kí á gbé e sábẹ́ òrùlé, ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn àti abíyá rẹ̀, ó ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ní kí á máa lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni àwọn tó ń takò mí fẹ́ràn jù. A kọ̀ láti sinmi fún wákàtí mẹ́ta kí owó wa má baà ṣòfò. Láti nǹkan bí aago kan àbọ̀ títí di aago mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni a fi tọ́jú aláìsàn. Àwa mẹ́fà la sanwó wọlé, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gun ohunkóhun mọ́. A sanwó ilé ìwòsàn, a sanwó oògùn. Nínú ìrìn àjò tí a fi ohun tó lé ní ọdún kan tọ́jú owó fún, eré wákàtí méjì péré la rí ṣe. Ǹjẹ́ èwo ló fi owó ṣòfò, ìsinmi ni tàbí àìsinmi?

Ẹnì kan lè sọ pé àgbákò lásán ni. Kì í ṣe àgbákò. Nínú ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì ni mo ti mọ̀ pé ilẹ̀ Ìlàjẹ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń kọjá tààrà lókè orí wa: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ọdún Àjíǹde, bẹ́ẹ̀, àárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ló máa ń bọ́ sí. Èyí ni pé ìgbà tí à ń kó ọmọ jáde lọ ṣeré gan-an ni oòrùn dúró lé wa lórí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dúró síta ní nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, kó wá òjìji rẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti bá a. Lẹ́yìn ìgbà náà, ilẹ̀ ṣì máa ń tú ooru tó ti gbà jáde, ìdí nìyẹn tí aago méjì fi máa ń gbóná ju aago méjìlá lọ.

Òógùn ni Ọlọ́run fi fún ara láti máa tu ara rẹ̀ lára. Bí òógùn bá ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa tó sún mọ́ òkun, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ, ńṣe ló kàn máa ń ṣàn. Ti ọmọdé tún le jù. Ara rẹ̀ kéré, ó tètè ń gba ooru, kì í sì í rántí béèrè omi bí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ òjijì, ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn. Ooru tí a bá kọ etí ikún sí lè pa ènìyàn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 kan náà, ooru mú débi pé NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, kìlọ̀ fún ará ìlú. Àkókò náà ni ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ń lọ lọ́wọ́ ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì ń dá bọ́ọ̀lù dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Nígbà tí Côte d'Ivoire fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan lù wá ní àṣekágbá ní ọjọ́ 11 oṣù náà, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ la sọ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi tí wọ́n dúró mu ló fà á. Bí ọ̀dọ́kùnrin tó fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́ bá nílò ìsinmi, kí ni kí á wá sọ nípa ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ kóòtù?

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni ìsinmi ọ̀sán, tàbí pé ọ̀lẹ ló ń sinmi. Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe òyìnbó, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún aláboyún pé kó má rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí àbíkú má baà bá a délé. Ẹ lè gba ti àbíkú gbọ́, ẹ lè má gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà dára. Àgbẹ̀ máa ń fi ọkọ́ sílẹ̀ bọ́ sábẹ́ igi. Ní etídò Igbókòdá níbí, ẹ wo àwọn apẹja tó ti wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọ̀sán, abẹ́ ibòji ni ẹ ó ti bá wọn, tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Bàbá mi wà lára wọn. Ẹni tí kì í jẹ́ kí oòrùn aago kan bá òun lójú omi nítorí ẹja, ló kó ọmọ rẹ̀ sínú oòrùn kan náà nítorí eré. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá mi púpọ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn lójú kí n tó kọ ọ́ síbí.

Àwọn alátakò mi ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní bí ènìyàn bá jáde nínú ọgbà, àwọn kan kì í jẹ́ kó padà wọlé láìsan owó mìíràn. Ta ló ní kí ẹ jáde? Olówó lè padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ sùn. Àwa tí a wá láti ọ̀nà jíjìn kò nílò òtẹ́ẹ̀lì. Ẹní kan, kúlà omi kan, àti abẹ́ òrùlé ti tó. Wọ́n tún ní ọ̀sán ni ìlà máa ń kúrú jù. Bí ìlà bá kúrú ní aago kan, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí àwọn tó mọ oòrùn wọ̀ lọ. Wọ́n ní eré kì í rẹ ọmọdé. Ó ń rẹ̀ ẹ́, kò kàn ní í sọ fún yín ni, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ẹ ó ní eré ti parí.

Ohun kan wà tí n kò ní í jiyàn lé lórí. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá sinmi fún wákàtí mẹ́ta kò ní í gun gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gun gbogbo rẹ̀ tán? Ohun márùn-ún tí ọmọ fi ayọ̀ gùn dára ju mẹ́wàá tó fi orí fífọ́ gùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ilé ni kí ẹ ti ṣe ìpinnu, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé aago méjìlá ni a ó jókòó, aago mẹ́ta ni a ó dìde. Ẹ fi kóòtù sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ń kó wa lọ wo ibi tó lẹ́wà, ẹ rántí pé ọmọ ogójì kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Ẹ fi wákàtí ìsinmi sínú ètò yín, kí ẹ sì rí i pé gbogbo wa mu omi. Ẹ̀yin tó ni ọgbà, ẹ ṣe òrùlé sórí ìlà, kí ẹ sì fi àmì sọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ sinmi nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó lè padà wọlé.

Ní ọdún tó kọjá, a lọ sí Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Àwọn tó ṣe é kò retí pé kí ẹnikẹ́ni fi èémí kan gùn ún dókè, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Òwúrọ̀ la gùn ún, a sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Bàbá mi fúnra wọn ló tẹ́ ẹní. Wọ́n sùn, wọ́n sì hanrun. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, àbúrò mi ló lọ jí wọn pé kí á tún lọ rìn kiri.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ìsinmi ni ẹ sanwó fún, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó bá yín lọ tayọ̀tayọ̀, tó sì bá yín padà délé tayọ̀tayọ̀ ni ẹ sanwó fún. Ìsinmi wà nínú owó náà.