Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ Abẹ́ Tapólì: Ta Ni Yóò Jẹ Àǹfààní Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ má ṣe pa ìwé ìròyìn dé o, nítorí ó kan òun náà.

Ẹ wo àgbàlá àwọn ènìyàn ńlá kan láàrin wa. Ẹ óò rí Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ tí wọ́n fi tapólì bò, èyí tí bàbá rà nígbà tí náírà ṣì lágbára. Bàbá ti kú, tàbí ó ti dàgbà kọjá ẹni tí ń wakọ̀. Àwọn ọmọ kò wà á, wọn kò tà á, wọn kò sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Ohun ìrántí bàbá wa ni.” Ìrántí wo ló kù lára ohun tí eku ń gé wáyà rẹ̀, tí ìpáàrà ń jẹ abẹ́ rẹ̀, tí táyà rẹ̀ sì ti wọlẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, Póòpù Paul Kẹfà lọ sí ìlú Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí ó ń padà lọ, ó fi ọkọ̀ Lincoln funfun tí ó lò níbẹ̀ ta Ìyá Teresa lọ́rẹ, obìnrin tí ń tọ́jú àwọn tálákà ìlú Calcutta. Ìyá Teresa kò gbé ọkọ̀ ọlọ́lá yìí pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní kí àwọn ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí oríire bá ṣubú lù gbé ọkọ̀ lọ. Owó rẹ̀ ló lò fún abúlé àwọn adẹ́tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shanti Nagar, ìyẹn Ìlú Àlàáfíà.

Àwọn kan yóò sọ pé irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fẹ́ jọ tẹ́tẹ́. Èmi náà kò ní gba ìjọ mi níyànjú láti ṣe é. Ṣùgbọ́n gbàǹjo ńkọ́? Àwa tí a ń ta iṣu àti àgbò ìkórè ní gbàǹjo lọ́dọọdún, ṣé èyí le fún wa ni? Gbàǹjo ni wọ́n fi ta ọkọ̀ Lamborghini tí wọ́n fún Póòpù Francis ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Ó buwọ́ lù ú, wọ́n sì tà á ní Monaco ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ní 715,000 owó yúrò. Lára ohun tí wọ́n ya owó náà sọ́tọ̀ fún ni àtúnkọ́ ilé àwọn Kristẹni tí ogun lé kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nínéfè ní Iraq. Nínéfè tí Ọlọ́run rán Jónà sí ni mo ń wí.

Ní ọdún 2022 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz ta ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1955, méjì péré irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe, ní mílíọ̀nù 135 yúrò. Wọ́n fi owó náà dá àpò ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ lásán kọ́ nìyẹn!

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú dání. Èkíní, ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wúlò. Ní Málákì orí kìíní, Ọlọ́run bá àwọn tí ń mú ẹran arọ àti afọ́jú wá sí pẹpẹ wí. Ọkọ̀ tí ẹ dúró dè títí ó fi di àlòkù irin kí ẹ tó gbé e fún ilé ọmọ aláìlóbìí, ẹ kò ta wọ́n lọ́rẹ. Pàǹtí yín lẹ kó lọ sí ilé wọn.

Èkejì, ẹ tà á, kí ẹ gbé owó lọ. Kí ni ọmọ aláìlóbìí fẹ́ fi ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni mu omi ṣe? Oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ló ń wá. Ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, kí ẹ má bàa tà á ní ọ̀pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ogún, kí gbogbo ọmọ fohùn ṣọ̀kan, kí ìwé ọkọ̀ pé. Ọrẹ tí ó bá dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá, Mátíù orí karùn-ún ti sọ ibi tí a ó gbé e sí títí a ó fi parí ìjà.

Ẹ̀kẹta, àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ń bá wí. Ọkọ̀ tí a fún tálákà kò gbọdọ̀ di ọkọ̀ pásítọ̀. Nínú Ìṣe orí kẹrin, Bánábà ta ilẹ̀ rẹ̀, ó gbé owó wá síbi ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì, wọ́n sì ń pín irú owó bẹ́ẹ̀ fún aláìní. A kò kà á pé wọ́n fi kọ́ ilé fún Pétérù. Júdásì náà sọ̀rọ̀ tálákà, ṣùgbọ́n àpò ló ń wò. Nítorí náà, kí ìjọ ka iye tí a ta ọkọ̀ sí etí gbogbo ènìyàn, kí a sì ka ibi tí owó náà lọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkan kò ní mú èkejì wá, ẹ̀bi wọn kọ́.

Ní ti ìrántí bàbá, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọmọ tí ó bá torí bàbá yín kàwé, tí ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, ìrántí tí ìpáàrà kò lè jẹ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọkọ̀, tapólì kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ kò lò mọ́ ńkọ́? Aṣọ tí ó kún àpótí, tí kò sì bá yín mu mọ́ ńkọ́? Opó inú Máàkù orí kejìlá kò dúró di ìgbà tí ó bá lówó kí ó tó fi fún Ọlọ́run.

Ẹ lọ ṣí tapólì lónìí, kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ń tú sílẹ̀, kí ó sì gbà wá lọ́wọ́ ohun tí a ní tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.