Orin wà nílé, ẹ tún ń ra dátà!

Ẹni tó bá fẹ́ rí adágún Ìyàkẹ́ l'Ádó-Àwáyè, òkè ni yóò gùn lọ bá a. Omi náà kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bá èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí orin ilé rí: kó wà lójú kan, kí gbogbo ará ilé máa lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní baba kan ti da orin Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà àti Haruna Ishola sínú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní pálọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù kékeré lọmọ ẹ̀ ní, inú ẹ̀ ò sì gba nǹkan. Lọmọ bá ń ra dátà, ó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá orin tó wà ní yàrá kejì! Ṣé èèyàn ń gbé létí odò, kó tún máa ra omi ni?

Ráútà kékeré, bí kò tilẹ̀ sí dátà nínú ẹ̀, lè so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀. Kí baba ṣí fódà orin náà sílẹ̀ fún ará ilé, kó fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i. Láàpútọ́ọ̀pù yóò rí i, orin yóò máa dún. Kọ́bọ̀ ò jáde. Àmọ́ bí iná bá lọ ní pálọ̀, orin dákẹ́ nìyẹn.

Èyí tó tún ṣe kókó jùyẹn lọ rèé o: Ọlátúnjí kú ní 1978, Ọmọwúrà ní 1980, Haruna ní 1983. Wọn ò ní padà wá kọ ọ́ mọ́. Bí dísíìkì kan ṣoṣo bá bàjẹ́, ó parí. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kẹ́ ẹ gbé e síbòmíràn. Ẹni tí ò bá ní ẹ̀dà kejì, kó má tíì sùn o!