Ààwẹ̀ Ta Ni Àlejò Ń Gbà?

Bí oṣù Rámádánì bá ti fẹ́ lé, àwọn agbaninímọ̀ràn a tún gbé òwe wọn dé: bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń di. Òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọ Yorùbá tó ń lọ ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá: má jẹun níta, má mumi níta, àṣà onílé ni. Àṣà kẹ̀? Àṣà wo ló ní ẹ̀wọ̀n nínú?

Ní Kuwait, Òfin 44 ti ọdún 1968 ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń jẹ tàbí tó ti ń mu ní gbangba lọ́sàn-án ààwẹ̀ lè san owó ìtanràn tó 100 dínárì, ó sì lè fi oṣù kan jura lẹ́wọ̀n. Lọ́dún 2014, Saudi Arabia kìlọ̀ fún àjèjì tí kì í ṣe Mùsùlùmí pé jíjẹ, mímu tàbí sìgá fífà ní gbangba lè mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì dá wọn padà sílé.

Kí ni Kùránì fúnra rẹ̀ wí? Suratul Baqarah, ẹsẹ 185: aláìsàn àti arìnrìn-àjò lè jẹun, kí wọ́n san ààwẹ̀ náà lọ́jọ́ mìíràn. Mùsùlùmí ni ẹsẹ yìí ń bá sọ̀rọ̀ o! Ọlọ́run tó pàṣẹ ààwẹ̀ gbà kí Mùsùlùmí tó wà lórí ìrìn mumi. Ọlọ́pàá ò gbà kí Kìrìsìtẹ́nì tó wà lórí ìrìn mumi. Ó jọ pé ọlọ́pàá ti ka ẹ̀sìn náà já ju ẹni tó sọ ọ́ kalẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ ń gbé inú ilé Yorùbá tipẹ́. Àǹtí ń gbààwẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Alhaja tí ebi ń pa ló ń ro ẹ̀bà ọ̀sán fún àwọn ọmọ, àbúrò náà ló sì ń sáré wá omi tútù nígbà ìṣínu. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Wọ́n á tún ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn má lọ. Kí wọ́n lọ sọ fún lébìrà ará Nepal tó jẹ gbèsè kó tó wọ bàálù. Ìjọba Kuwait mọ ohun tí oòrùn ń ṣe: wọ́n fòfin de iṣẹ́ ìta lọ́sàn-án gangan láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Oṣù kẹfà náà ni ààwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún 2016. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ oòrùn yìí náà ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dúró dè bó bá gbé omi sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Èyí tó wá ń bíni nínú jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn olówe ìkúùkù yìí kì í rántí òwe kankan tí Orò bá fẹ́ jáde ní Ìkòròdú. Bí wọ́n bá ti ní kí obìnrin àti àlejò má jáde, òfin orílẹ̀-èdè ló kù tí wọ́n ń kà sókè: ẹ̀tọ́ láti rìn, ẹ̀tọ́ láti gbàgbọ́, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ wọn jàre! Ilé kò gbọ́dọ̀ di àtìmọ́lé fún obìnrin nítorí ọdún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ ní Ìkòròdú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Àbí ìṣẹ̀ṣe baba wọn nìkan ni wọ́n lè kọ̀ fún?

Lọ́dún 2021, ìjọba Dubai sọ fún àwọn ilé oúnjẹ pé wọn ò ní láti ta aṣọ bojú mọ́ lọ́sàn-án Rámádánì. Mọ́sálásí wọn ò tìtorí ẹ̀ ṣófo, kò sì sí òǹgbààwẹ̀ tí ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé àjèjì kan ń jẹ ìrẹsì lódì kejì. Àwọn tí ó fẹ́ gbà á ń gbà á. Arìnrìn-àjò tí Ọlọ́run yọ̀ǹda fún sì ń mumi rẹ̀. Èwo wá ni ti 100 dínárì Kuwait? Bí wọ́n bá fi ẹ̀wọ̀n mú lébìrà gbààwẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ni wọ́n máa kọ láádá rẹ̀ fún: òun ni, àbí sájẹ́ǹtì tó mú un?