Ẹ jẹ́ kí adójútòfò ìlera dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ

Ẹ̀yin àgbà tí ètò ìlera Nàìjíríà wà níkàáwọ́ yín, láti orí Mínísítà dé orí àwọn kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá àjọ adójútòfò ìlera, NHIA, àti ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá, mo mọ̀ pé ẹrù tó wà lórí yín kò kéré. Ibà ń bẹ ńlẹ̀, ikú aboyún ń bẹ ńlẹ̀, dókítà kò sì tó. Síbẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni mo wà láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí láàárín wa. Orúkọ ọmọ la fi ń pe abiyamọ. Ẹni tí kò tíì rí bí, "Ìyàwó" ni wọn yóò máa pè é nínú agbo ilé títí ewú yóò fi gba orí rẹ̀. Yóò mu àgbo, yóò gun orí òkè àdúrà, yóò sì máa dáṣọ ìkómọ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kì í dé iwájú dókítà àfi nígbà tí ọjọ́ orí bá ti lọ, bẹ́ẹ̀ ẹyin obìnrin kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àìsàn ni àìrọ́mọbí, kì í ṣe èpè. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé bí a bá kó ènìyàn mẹ́fà jọ lágbàáyé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn bá a pàdé láyé rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, àkóràn tí a kò tètè tọ́jú ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀: àrùn ìbálòpọ̀, oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́, ibà ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Gbogbo wọn lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sínú ilé ọmọ. Ọkùnrin náà sì ní ìpín tirẹ̀, nítorí àtọ̀ lè má tó, ó sì lè má lágbára. Ṣùgbọ́n ìyàwó nìkan ni ìdílé máa ń tọ́ka sí.

IVF lè ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Wọn yóò gba ẹyin lára obìnrin, wọn yóò pò ó mọ́ àtọ̀ ọkùnrin ní yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò sì gbé ọlẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde sínú ilé ọmọ. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí báyìí láyé, ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní 1978. Tiwa kò pẹ́ púpọ̀ sí i: ní 1989, iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, LUTH, ní Ìdí-Àràbà, so èso. Ẹ wò ó, ilé ìwòsàn ìjọba ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Lónìí, ọwọ́ aládàáni ló pọ̀ sí jù.

Owó ni ìṣòro. Ìgbìyànjú kan ṣoṣo ti wọ mílíọ̀nù náírà. Ẹni tó ń gba ₦70,000 tí òfin 2024 fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò wọ ọkọ̀ fún ọdún kan gbáko, ₦840,000 ni yóò kó jọ. Ìgbìyànjú kan kì í sì í sábà tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yọrí sí ọmọ fún obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35, ó sì ń já wálẹ̀ gidigidi lẹ́yìn 40.

NHIA, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà tí ẹ gbé jáde ní 2012, nígbà tí ẹ ṣì ń jẹ́ NHIS, IVF wà lára ohun tí ètò náà kò ní sanwó rẹ̀ rárá, òun àti fífọ eyín kó lè funfun báláú. Òfin 2022 ti wá sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Bí a bá fi dandan gba owó lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó yẹ kí àpò náà ṣí nígbà tí àìsàn tirẹ̀ bá dé. A kò ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀. Ẹ sanwó àyẹ̀wò tọkọtaya pọ̀, ẹ tọ́jú àkóràn àti ìju, kí ẹ sì san ìdajì IVF ẹ̀ẹ̀kan fún ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Mínísítà àti ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ilé ìwòsàn ìjọba kan tí iṣẹ́ yìí ti ń lọ déédéé, tí iná kì í kú ní yàrá ọlẹ̀. Òkè òkun ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún obìnrin kí ẹyin rẹ̀ lè pọ̀ ti ń wá. Bí ìjọba bá rà á lọ́pọ̀, yóò dínwó.

Ẹ̀yin aṣòfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lórí iṣẹ́ yìí ní 1990, ọdún 12 péré lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́ wọn. Ọmọ àkọ́kọ́ tiwa ti lé ní ọmọ ọdún 35, síbẹ̀ a kò tíì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Láìsí òfin, ta ni yóò dáàbò bo ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń fi owó tàn kó wá ta ẹyin rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ náà lè mú kí inú rẹ̀ kún fún omi, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé èrò Nàìjíríà ti pọ̀ jù. Ọmọ mẹ́fà tó wà nílé aládùúgbò kò lè pe ẹni tí kò bímọ ní màmá. Ẹ má wo iye wa, ẹ wo ìyà ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ dákun, ẹ yọ IVF kúrò lára ohun tí adójútòfò kò kàn, kí ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.