Fíìmù Apanilẹ́rìn-ín Wo Ni Ipò Kìíní Tọ́ Sí?

Ní ọdún 2000, American Film Institute to ọgọ́rùn-ún fíìmù apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n fi Some Like It Hot, tí Billy Wilder ṣe ní 1959, sí ipò kìíní. The Gold Rush ti Charlie Chaplin, tí ó jáde ní 1925, sì wà ní ipò 25. Èmi kò fara mọ́ ètò yìí.

Kí òbí kankan má ṣe rò pé torí pé ọkùnrin méjì wọ aṣọ obìnrin nínú fíìmù Wilder ni mo fi ń ta kò ó. Àwọn ọ̀daràn ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tí ikú ń lé kì í ṣa aṣọ wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbé púpọ̀ nínú ẹ̀rín náà ró. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò kàn máa wò ni.

Chaplin kò nílò ọ̀rọ̀. Ebi há òun àti ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ inú ahéré kan láàárín yìnyín. Ó se bàtà rẹ̀ kan, ó bù ú sínú àwo, ó gé e bí ẹran ọdún. Ó fi fọ́ọ̀kì ká okùn bàtà jẹ, ó sì ń fa ìṣó mu bí ẹni ń fa eegun adìyẹ. (Súwítì dúdú ni wọ́n fi mọ bàtà ọ̀hún; ẹ má bẹ̀rù nítorí ikùn rẹ̀.) Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ gbé ilé ìwé rí, ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn sáà, tí gààrí ti tán nínú àpótí.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ó yẹ kí ọmọ Kristẹni máa fi ẹni tí ebi ń pa rẹ́rìn-ín? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ni Chaplin nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn aláìní ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ ebi. Kì í ṣe tálákà ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń fi hàn wá bí ènìyàn ṣe lè jẹ bàtà kí iyì rẹ̀ má sì bàjẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí èyí.

Ipò kejì ni n ó fún The General ti Buster Keaton, 1926, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í yí padà. Wilder lè gba ìkẹta.