Ká Tó Kó Ìwé Ẹgbẹ́ Sínú Sọ́fítíwìa Tuntun

 

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí ẹgbẹ́ ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìkéde òkú àti ìgbéyàwó, àti fọ́tò àwọn àgbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí má baà máa sọnù sínú WhatsApp. Mo fara mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni CMS tí wọ́n fẹ́ lò, ìyẹn sọ́fítíwìa tó ń jẹ́ kéèyàn gbé nǹkan sórí ìkànnì láìmọ kóòdù. Èyí tí wọ́n mú wá ò tíì pé ọdún kan. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kan ní, "Ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká gbà á." Àwọn mìíràn ní, "Ohun ọmọdé ni, ẹ gbé e jùnù." Lójú tèmi, tọ̀tún tòsì ló ń yára jù.

Kí nǹkan jẹ́ tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. WordPress tí gbogbo ayé ń lò lónìí, látinú sọ́fítíwìa kékeré kan tó ń jẹ́ b2 ló ti wá. Nígbà tí Michel Valdrighi tó dá b2 sílẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, Matt Mullenweg àti Mike Little gba kóòdù náà lọ́dún 2003, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Láísẹ́ǹsì GPL tó wà lórí b2 ló fún wọn láyè. Lọ́dún 2005 náà, àwọn tó ń kọ Mambo bínú kúrò, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Joomla. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: irú láísẹ́ǹsì wo ló wà lórí èyí?

Ìkejì: èèyàn mélòó ló ń tún un ṣe? Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, ihò tí olè lè gbà wọlé ò ní rí ẹni dí i.

Ìkẹta: ṣé a lè kó ẹrù wa jáde? Kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ àti fọ́tò jáde níṣojú wa, kí wọ́n sì ṣí i níbòmíràn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má wọlé.

Ìkẹrin, ti àwa Yorùbá nìyí. Lẹ́tà "ẹ́" ò ní nọ́ńbà ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode. "Ẹ" àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Sọ́fítíwìa tí wọn ò fi èdè bíi tiwa dán wò lè dà á rú. Ẹ kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí i. Ṣé àmì rẹ̀ pé? Bí ẹnì kan bá sì wá "Ogbomoso" láìfi àmì sí i, ṣé yóò rí i?

Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Bó bá fi 0 bẹ̀rẹ̀, irú 0.3, àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn ń sọ pé ohunkóhun lè yí padà nígbàkigbà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀fẹ́ náà ní owó nínú o. Ọdọọdún la ó máa sanwó orúkọ ìkànnì àti ibi tí yóò máa gbé. Bí ọmọ tó gbé e kalẹ̀ bá sì japa ńkọ́? Ta ló mọ password?

Ohun tí mo rò rèé: ká fi ìkéde nìkan dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Nọ́ńbà fóònù àti owó ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Kí èèyàn méjì, ó kéré tán, mọ̀ ọ́n lò, kí akọ̀wé sì máa kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ká wá jókòó sọ ọ́ nípàdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?